Ìgò Mẹ́rin àti Fìlà Awọ Kan

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ni ẹ̀rọ ìfági gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì Oníka-mẹ́ta, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìka yẹn ló ń dùn ún. Ohun tí wọ́n ní ó ṣe ló ń dùn ún.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá wọn ní ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà: ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ láti kó èérún igi, kó kọ́kọ́ fi fìlà rẹ̀ kọ́ suwíìṣì. Ẹ̀yìn òkìtì pákó ni suwíìṣì wà, ojú kì í tó o, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a. Tí ọwọ́ bá kan fìlà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ náà, ó fi fìlà kọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ tan ẹ̀rọ, ó sì búra pé òun ò bá fìlà kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ti rí fìlà. Ọ̀gá ní aláìgbọràn ni, ó lé e lọ pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Oníka-mẹ́ta. Búlọ́ọ̀kù ló ń rù di òní. Ẹnìkejì di káfíńtà gidi, ó kọ́lé, ó sì tún fẹ́ àbúrò Oníka-mẹ́ta obìnrin lé e.

“Ẹ gbàgbé láti fi fìlà kọ́ ọ ni, Bọ̀ọ̀dá mi,” ni àbúrò máa ń wí.

Òun náà á wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Káfíńtà pè é wá mu wáìnì. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó tó lọ, obìnrin náà sì jókòó tì wọ́n. Tísà, ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì, gbé ìgò wáìnì pupa mẹ́rin wá, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn. Wọn á fi aṣọ di ara wọn lójú, wọn á tọ́ ọ wò, wọn á sọ èyí tó dàgbà jù.

Oníka-mẹ́ta ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó ní kíkan ni gbogbo rẹ̀ kan.

“Ahọ́n alábúlọ́ọ̀kù!” Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. “Ó yá, ẹ di èmi náà lójú.”

Ó mu ti kìíní, ó mu ìkejì, ó ní kí wọ́n bu sí i. Ó dé orí ìkẹta. “Àgbà wọn nìyí.”

Tísà tú ìwé ara ìgò. “Ó gbà á o!”

“Ojú kọ́ ni mo fi ń mọ nǹkan, Tísà. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, bí ọwọ́ mi bá ti kan fìlà lórí suwíìṣì, mo ti mọ ẹni tó ni ín. Ti ọ̀gá, òwú ni. Ti àna mi yìí, awọ ni, ó ń yọ̀ bí ẹja.”

Oníka-mẹ́ta gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

“Fìlà awọ,” Oníka-mẹ́ta wí jẹ́jẹ́. “Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo rà á. Mi ò fi kọ́ suwíìṣì rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan yẹn.”

“Ọtí ló ń sọ̀rọ̀, jàre.”

Kó tó pa ẹnu dé, Oníka-mẹ́ta ti fo tábìlì. Ó gbá aṣọ tí wọ́n fi di Káfíńtà lójú mú, ó fà á wá sí ọrùn, ó sì lọ́ ọ. Àga dojú dé. Káfíńtà táwọ́ bá ìgò, ó là á mọ́ ọn lórí. Wáìnì àti ẹ̀jẹ̀ jọ ṣàn sójú rẹ̀, a ò mọ èwo ni èwo. Oníka-mẹ́ta kò tú u sílẹ̀. Ó gbá orí ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Tísà bọ́ sáàárín wọn, ìgúnpá yọ eyín kan lẹ́nu rẹ̀.

“Sọ ọ́! Sọ ọ́ kí ìyàwó rẹ gbọ́!” Oníka-mẹ́ta ń kígbe.

Àbúrò rẹ̀ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, níbi tí ìka ò sí. “Bọ̀ọ̀dá mi, òkú kì í sọ̀rọ̀.”

Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀.

Káfíńtà ń wúkọ́, ó ń rákò lórí àfọ́kù ìgò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kó kọjá.

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ṣé fìlà wà níbẹ̀ àbí kò sí?”

Káfíńtà wò ó. Ó wo Tísà tó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ó wà níbẹ̀,” ó wí. “Ọ̀gá ń pariwo pé kí n ṣe kíá. Mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Mo ṣí i, mo jù ú sílẹ̀, mo tan ẹ̀rọ. Èmi ni mo gé ìka ẹ̀gbọ́n rẹ.”