Bọ́ọ̀lù Orí Afárá Pákó

Ní àdúgbò kan, orí omi ni ilé wà, afárá pákó sì ni títì. Ibẹ̀ náà ni pápá bọ́ọ̀lù. Òfin méjì péré ló wà: ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sódò ni yóò lọ mú un, ẹni tó bá sì mú un wá ni yóò gbá a padà sínú eré. Kò sí rẹfirí, nítorí kò sí àgbàlagbà tí ìyà ń wù ú jẹ.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Happiness láyè láti gbá bọ́ọ̀lù, ìyẹn náà torí pé ìṣó gún ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀. Dayọ̀, ọ̀gá ẹgbẹ́ tó gbà á, na ìka sí i.

"Tó o bá sọ bọ́ọ̀lù yìí nù, o ò gbá mọ́ láéláé!"

Ó ti pẹ́ tí eré yìí ti ń wu Happiness débi pé kò lè jẹ púpúrú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Wọ́n gbá a di méjì sí méjì. Ni Happiness bá fi gbogbo agbára gbá a. Bọ́ọ̀lù fò kọjá góòlù, ó fò kọjá afárá, ó já sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí Ògúnlànà fi ń kó èrò, tó ń kọjá lọ.

"Òfin ni òfin," Dayọ̀ wí.

Happiness bẹ́ sínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀, ó gbá àjẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á kíkankíkan. Orí bá a ṣe é, Ògúnlànà ti dúró kó èrò ní ìdíkọ̀. Ṣùgbọ́n àárín àgbọn tí Màmá Moríkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn èrò ọkọ̀ náà, ń gbé lọ tà ni bọ́ọ̀lù há sí, àwọ̀n gbígbó tí wọ́n fi dì í sì jọ èèpo àgbọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù wa nìyẹn."

"Bọ́ọ̀lù wo? Ohun tó bá wà nínú apẹ̀rẹ̀ mi, tèmi ni!"

"Ẹ mì í wò, mà."

Màmá mì í. Kò dún. "O ò rí i? Ó ti gbẹ ni!" Ó fi eyín ge é, ó tutọ́, ó sì jù ú lu Happiness. "Gba ìdọ̀tí rẹ!"

Nígbà tó fi padà, omi ti kún, ọkọ̀ àti afárá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Táyé, ọ̀gá ẹgbẹ́ kejì tó tún ń ṣọ́ góòlù wọn, jókòó, ó ń jẹ ẹja yíyan. Happiness ò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó dìde nínú ọkọ̀, ó gbá a. Góòlù!

"Inú ọkọ̀ kì í ṣe pápá!" Táyé pariwo, egungun ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

"Ṣé òfin sọ ibi tó máa dúró sí ni?" Dayọ̀ bi í.

Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú Happiness dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò tíì pín ẹgbẹ́ tí Dayọ̀ ti di ọwọ́ ọ̀tún Happiness mú, tí Táyé di tòsì mú.

"Tèmi ni!"

"Irọ́ ni, tèmi ni!"

Happiness wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní kí wọ́n lọ jókòó ná, òun ṣì ń rò ó.