Àwọ̀ Yàrá Bàbá

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ó ti pẹ́ jù. Àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà ti lẹ̀ mọ́ ògiri, nígbà tó sì fà á kúrò, ìka márààrùn-ún hàn síbẹ̀ gedegbe. Obìnrin tó ń bá wọn kun ilé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ọlọ́dà, sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo ọmọ tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ ni."

"Ẹ ti mọ̀ báyìí."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì dábùú sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni tọkọtaya ti ń fo bẹ́ẹ̀dì náà kọjá bí ewúrẹ́ tó ń fo ọgbà.

"Màmá, ṣebí ẹ ní ọjọ́ méjì péré ni yàrá kan máa gbà?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì ha ògiri nígbà yẹn. Ọ̀dà àtijọ́ ń ṣí bí èèpo ẹyin, omi sì ti wọ abẹ́ fèrèsé. A ha á, a dí i, a ń dúró kó gbẹ. Kíkùn gan-an kọ́ ló ń jẹ àkókò, Baba Onílé. Ìdúró ni. Tí mo bá kun ọ̀dà ìkejì lé ìkíní tó ṣì tutù, gbogbo ẹ̀ á ṣí kí ọdún tó yí po."

Ọkùnrin náà mọ̀ pé òótọ́ ni, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Látìgbà tí ìyá ti kú ni arúgbó náà ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, iṣẹ́ sì ti fẹ́ gbé ìyẹn lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n bẹ bàbá títí kó tó gbà láti wá. Gbogbo ìgbà ló ń wí pé òun ò fẹ́ di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ìdí nìyí tí ọmọ rẹ̀ fi fẹ́ kí yàrá náà mọ́ tónítóní, kí bàbá má baà rí àwáwí kankan.

Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni fóònù ti dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni.

"A ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín o. Ọ̀la ni wọ́n ní kí n wọṣẹ́ ní ìlú yẹn, mi ò lè dúró di Àbámẹ́ta mọ́. Má bínú, àbúrò mi."

Bàbá wọlé, fìlà lọ́wọ́. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo àwọn àga tí wọ́n tò lé ara wọn, ó wo aṣọ àlòkù tí wọ́n tẹ́ kálẹ̀.

"Mo wí i. Ẹ wo bí mo ṣe da ilé yín rú kí n tó jókòó. Ọmọ mi, jẹ́ ká padà," ó wí fún ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ kọ́kọ́ wo yàrá yín ná."

Bàbá yọjú. Funfun ni ògiri, funfun ni àjà. Kò kọjá ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ta ló yan àwọ̀ yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo ní kí yàrá lè mọ́lẹ̀."

"Ó dára." Bàbá ń yí fìlà ọwọ́ rẹ̀. "Ó kàn jọ yàrá tí ìyá rẹ dùbúlẹ̀ sí nílé ìwòsàn ni. Ògiri yẹn ni mo ń wò láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Omi lé ròrò sójú ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin náà wá rí i pé gbogbo eré tí òun ń sá lórí yàrá yìí, òun ò bi ẹni tó máa sùn níbẹ̀ léèrè ohunkóhun.

"Màmá, tá a bá yí àwọ̀ padà ńkọ́?"

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sùn níbẹ̀."

"Kó rí bẹ́ẹ̀. Bàbá, àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"

"Èmi ni kí n yàn án?"

"Yàrá yín ni."

Ìgbà yẹn ni bàbá tó wọ inú yàrá náà. Ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Ìyá rẹ fẹ́ràn inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Kì í jẹ ẹ́ o, ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ní wíwò ó lásán ń dùn mọ́ òun."

"Mo lè po àwọ̀ yẹn," ni Màmá Ọlọ́dà wí, "ṣùgbọ́n ẹ máa dúró tì mí, kẹ́ ẹ sọ fún mi tó bá ti tó."

"Pálọ̀ lẹ máa sùn sí ná, Bàbá," ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ. "Ẹ ṣáà fara da híhanrun ọmọ yín."

"Láti kékeré ni mo ti ń fara dà á."

Obìnrin náà ṣí agolo, ó ń kán àwọ̀ ìyeyè àti pupa sínú funfun, ó ń rò ó pọ̀. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ṣì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé ká máa lọ ni?"

Bàbá ò gbójú sókè.

"Ìwọ máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bá mi gbé àpótí mi wọlé kó o tó lọ." Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Màmá, ẹ rọra, pupa yẹn ti fẹ́ pọ̀ jù."