Omi Funfun Lẹ́bàá Ọ̀nà Ọ̀sà

Láti ìgbà tí Yéjídé ìyàwó rẹ̀ ti kú, ajá ni ó ń mú Mákánjú rìn, kì í ṣe Mákánjú ni ó ń mú ajá. Yéjídé ni ó ni ajá náà, òun ni ó sì sọ ọ́ ní Ṣebímowí, nítorí àwọn aládùúgbò kan tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà ayé rẹ̀, àràárọ̀ ni ó máa ń mú un lọ sí etí ọ̀sà, tí ọkọ rẹ̀ á sì wà nílé. Ní báyìí, Mákánjú kàn di okùn mú ni. Ibi tí ajá bá yà sí, òun náà á yà. Bí ó bá dúró nídìí àgbọn kan, òun náà á dúró, á sì dà bí ẹni pé Yéjídé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń bẹ̀rù kí nǹkan má ṣe ajá yìí. Bí ajá bá lọ, ta ni yóò tún fi ọ̀nà náà hàn án?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọjà Àgbálátà ku ọ̀la, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Iyanrìn tutù lábẹ́ bàtà, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ wọlé láti ìhà Gberefu. Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé Tàwàkálítù, obìnrin tí ó ń ṣe gàárì tà. Omi kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, ó funfun, ó sì ń rùn kíkan kíkan. Ṣebímowí na ọrùn sí i.

Mákánjú wò ó. Omidùn ògì ni, ó wí fún ara rẹ̀. Omidùn ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ àgbo ibà fún un nígbà èwe. Kí ni omidùn fẹ́ fi ajá ṣe?

"Mu ún, ìyá mi," ó wí, ó sì dẹ okùn.

Ajá lá a, ó tún lá a.

"Bàbá! Ẹ fà á! Ẹ fa ajá yẹn o!"

Tàwàkálítù ti já síta, ẹ̀gẹ́ rírin kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Omi ẹ̀gẹ́ ni! Ẹ̀gẹ́ tí a fún láti àná ni!"

Mákánjú fa okùn tagbáratagbára. "Mo rò pé omidùn ni."

"Omidùn kẹ̀! Ta ló ń da omidùn sílẹ̀ nílùú tí nǹkan ti wọ́n báyìí? Irú omi yìí ló pa ewúrẹ́ Gbọ́lágadé, ẹ ò rántí ni?"

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Itọ́ ń ṣe fófó lẹ́nu rẹ̀. Tàwàkálítù sáré wọlé, ó gbé ìgò epo pupa jáde, ṣùgbọ́n Mákánjú ti ń pe Olúdọ̀tun, dókítà ẹranko tó wà ní Mowo, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ti epo náà fún un.

"Bàbá, ẹ má da epo sí i lẹ́nu rárá!" Ohùn dókítà náà ròkè nínú fóònù. "Bí epo bá gba ọ̀nà èémí, òun gan-an ló máa pa á. Ẹ gbé e wá kíákíá."

Tàwàkálítù rọra gbé ìgò náà sẹ́yìn. Sàlámì ọkọ rẹ̀ ti wa kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà bá wọn wọ̀ ọ́, kò tilẹ̀ ráyè fọwọ́. Mákánjú gbé orí ajá sí itan, ó ń kọ orin ìsìn kan lábẹ́ ahọ́n, kò sì mọ̀ pé òun ń kọrin.

Olúdọ̀tun gún ajá lábẹ́rẹ́, ó jókòó tì í. Nígbà tí oòrùn mú, Ṣebímowí dìde, ó lá bàtà dókítà.

"Díẹ̀ ló mu, ẹ sì tètè dé," ni Olúdọ̀tun wí. "Bàbá, ẹ máa fún un lómi nílé kí ẹ tó jáde. Òùngbẹ ló ń tì wọ́n sídìí omi burúkú. Níbi tí omi bá sì dúró sí, ẹ fa okùn yín kó kúrú."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Mákánjú ní, "Ọ̀nà ìyàwó mi kúkú nìyẹn. Báwo ni irú èyí kò ṣe ṣẹlẹ̀ sí ajá yìí lọ́wọ́ rẹ̀ rí?"

"Ìyàwó yín?" Tàwàkálítù rẹ́rìn-ín. "Bí ọjà bá ku ọ̀la, kì í gba ibẹ̀ láé, torí ó mọ̀ pé à ń fún ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbà. Á wá kígbe sí mi láti ọ̀hún pé, 'Tàwàkálítù, oró ẹ ńkọ́?' Èmi á ní ó wà nínú kòtò. Kòtò ọ̀hún ni òjò kún lóru àná, ló fi ṣàn dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ó yẹ kí n ti wá sọ fún yín. Ẹ má bínú, Bàbá."

Mákánjú kò bínú. Ó ti rò pé ajá ti fi gbogbo ọ̀nà Yéjídé han òun tán. Àṣé ó ṣì ku ọ̀kan.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Sàlámì gbẹ́ kòtò mìíràn tó jìn sí ọ̀nà, ó sì fi pákó bò ó. Síbẹ̀, nígbà tí ọjà tún ku ọ̀la, Mákánjú bu omi fún Ṣebímowí nílé, ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Ní oríta, ajá fà sí ọ̀nà tí ó mọ̀.

"Ó tì o. Èmi ni mò ń mú ẹ lọ lónìí."

Wọ́n gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí etí ọ̀sà. Apẹja kan, ará Ògù tí ń jẹ́ Daniel, ń tún àwọ̀n ṣe níbẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ṣebímowí! Ojú ẹ rèé!" Ó wo Mákánjú láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin lọkọ ìyá ajá? Ó máa ń sọ pé ẹ ò lè rìn dé ibí, ọ̀lẹ ni yín."

"Irọ́ kọ́ ló pa," Mákánjú wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jókòó. Orí ọkọ̀ tí a dojú ẹ̀ délẹ̀ yẹn ló máa ń jókòó sí."

Mákánjú jókòó. Daniel sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn ohun mìíràn tí Yéjídé máa ń sọ.