Owó Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká Fọwọ́ Kàn

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Alhaja Mọ̀nsúrát lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ baba náà. Mujeeb, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló wọkọ̀ láti Ìgbògbò wá sí Ẹ̀pẹ́ tòun ti owó ẹyọ kan tó rà láti ìlú òyìnbó. Kì í ṣe owó tí wọ́n ń ná. Àwọn tó ń kó owó jọ ni wọ́n ṣe é fún. Àwòrán mẹ́dàlì ìgboyà tí wọ́n ń fún sójà ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí bàbá Alhaja gbà lójú ogun Bọ́mà.

Ohun tó dára ni. Àmọ́ inú ike ló wà, Mujeeb sì wọ ìbọ̀wọ́ funfun bíi dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ.

"Gbé e wá kí n ṣàdúrà sí i."

"Ẹ máa ṣe é láti ibẹ̀ yẹn, Màmá Àgbà."

"Láti ibo? Ṣé fóònù ni mo fẹ́ fi ṣe é ni?"

Nílé wọn, ohun tuntun kì í wọlé kó má gba ọwọ́ àgbà kọjá. Mọ́tò Bísíríyù, àbúrò Alhaja, gan-an, gbogbo wọn ló gbọ́wọ́ lé e. Kí wá ni ti owó bíńtín?

"Òógùn ọwọ́ á bà á jẹ́ ni, mà. Àwọn tó ń kó o jọ á ní ó ti lábàwọ́n."

"Ọwọ́ tó wẹ ìyá ẹ, tó wẹ ìwọ náà, òun ló lábàwọ́n lónìí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà." Ó tún fa ike náà sẹ́yìn.

Fífà yẹn ló bí Alhaja nínú jù. Ó ti rí irú rẹ̀ rí.

"Jókòó. Bàbá mi lo jọ. Ẹgba ni fún ọmọ tó bá yọjú sí yàrá ẹ̀, torí mẹ́dàlì. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó fi í sí nínú wa. Nígbà tó kú, àwọn tó palẹ̀ yàrá mọ́ da agolo bisikíìtì kan tó ti dógùn-ún sínú ọ̀sà. Inú ẹ̀ ló wà! Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló wá sọ fún wa lẹ́yìn náà. Mo darúgbó tán, mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan tí bàbá mi torí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

Mujeeb wo ike náà títí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì, ó ṣí i.

Owó náà tutù lọ́wọ́ Alhaja. Ó ń fi àtàǹpàkò tọ àwòrán náà, gbogbo àdúrà tó ti tò sílẹ̀ láti àárọ̀ sì sá lẹ́nu rẹ̀.

"Bàámi," ló ní, "ṣé báyìí ló ṣe wúwo tó?"