Ilé Tó Ń Rọra Wálẹ̀

Orí rẹ̀ kò sí nínú dígí.

Onídìrí dúró síwájú dígí inú yàrá, èyí tó ní pákó pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń gbé òòyà lé. Ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Àyà rẹ̀ wà níbẹ̀. Apá ọ̀tún wà níbẹ̀, ó rọ̀ jọwọlọ bí aṣọ tútù. Ṣùgbọ́n lókè ọrùn, igi etí dígí ni. Lẹ́yìn igi, ògiri. Ó tẹ orúnkún díẹ̀: ojú dé, ẹnu tó là sílẹ̀ dé. Ó nàró; orí tún lọ.

"Ẹ gbà mí," ló wí. "Àbí orí ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé ọ̀bẹ wá lọ́la, ó ti sá?"

Ọ̀la ni lóòótọ́. Ọ̀sán yìí ló yẹ kó wọ wọ́ọ̀dù nílé ìwòsàn, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún èjìká rẹ̀ láàárọ̀. Èjìká yìí ló fi jẹun láti ìgbà ọmọge: ọwọ́ lókè lórí irun onírun látàárọ̀ dalẹ́, orin lẹ́nu. Dókítà ní iṣan kan ló já níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, kò lè wọ kọ́mú fúnra rẹ̀, kò lè ya irun ara rẹ̀. Onídìrí tí orí tirẹ̀ rí wúruwùru, ẹ ò rí nǹkan! Bó bá ti lo oògùn ìrora lálẹ́, á máa gbọ́ egungun èjìká náà láàárín oorun, tí wọ́n ń ha ara wọn: hín-ùn, hín-ùn, hín-ùn.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Apá náà ń sàn. Ife orí pẹpẹ tó jẹ́ pé wíwò ló ń wò ó tẹ́lẹ̀, ó ti ń mú un. Ìkọ́ aṣọ, ó ti ń tó o. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó ti ń tó o. Nínú ilé ìwẹ̀, ó ti ṣe orin fún un:

Apá mi, dìde o, dìde,
Iṣẹ́ ń pè ọ́ lókè, dìde,
Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ jí ọ, dìde.

Apá sì ń dìde, díẹ̀díẹ̀. Ta ni yóò wá gbé ara tó ń sàn lọ fún ọlọ́bẹ?

Ó fi dígí burúkú sílẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín.

"Mi ò lọ mọ́," ló wí kó tó wọlé tán. "Apá mi ti dáa."

"Èwo nínú wọn?" Aránṣọ ò gbójú kúrò lára máṣíìnì. "Torí ti òsì ò ṣàìsàn."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Kò sóhun tí mi ò tó mọ́ nínú ilé mi."

"Ó dáa. Bá mi mú sísọ́ọ̀sì tó wà lórí ìṣó lẹ́yìn rẹ yẹn."

Ìṣó náà kò ga rárá. Onídìrí na ọwọ́. Ọwọ́ dé ọ̀gangan ọmú, ó dúró, bí ẹni pé ẹnìkan di ọrùn ọwọ́ mú láti ìsàlẹ̀. Ó tún nà án. Iná jó o láti èjìká dé ìgúnpá.

"Oníbàárà ń bọ̀ o, má bá mi ṣeré." Aránṣọ yíjú, ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Máṣíìnì dákẹ́.

"Ó ń gòkè nílé," Onídìrí wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo búra, nílé, ó ń gòkè."

"Ọ̀rẹ́ mi, irú apá wo ló ń mọ ilé yàtọ̀ sóde?"

Ó padà sílé, ó wá ń wo ilé bí ẹni tí kò wọ ibẹ̀ rí. Ìkọ́ aṣọ: ọ̀gangan àyà. Pẹpẹ: ìbàdí. Lẹ́yìnkùlé, lórí okùn, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ta ló wá gbọ́ ọ rí pé pẹpẹ sọ̀kalẹ̀ wá pàdé ọwọ́ àgbà?

Ó gbójú sókè. Lára ògiri, lókè ìkọ́, ihò ìṣó tò léra wọn lọ sókè, wọ́n ti dí wọn, wọ́n ti fi ọ̀dà kùn wọ́n, bí ojú tó dì. Ó fi ìka kan èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán gangan, tí kò sùn, tí kò lo oògùn: hín-ùn, hín-ùn, hín-ùn.

Ó gbé ọwọ́ òsì lé èjìká. Èjìká dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìnkùlé ni ohùn náà ti ń wá.

Káfíńtà ọkọ rẹ̀ ló kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó dojú àga oníbàárà dé, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àga náà kò ju ìka ọwọ́ lọ mọ́.

"Ó ku ẹsẹ̀ kan," ó wí láìwẹ̀yìn. "Orí àwọn oníbàárà rẹ á wà nísàlẹ̀ dáadáa, o ò ní gbé apá rárá. Gbogbo ilé ti bá ọ dọ́gba, ìyàwó. Kí lo tún ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà?"

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, "ẹ" ni Onídìrí ń pe ọkọ rẹ̀, àfi lónìí. "Ìwọ lo yọ orí mi nínú dígí?"

"Mo gbé e wálẹ̀ jù." Ó fọwọ́ nu ojú, lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ mọ́ ọn. "Òòyà ni mo rò, mi ò ro ojú."

"Mo ti ń kọrin, o sì ń gbọ́!"

"Mò ń gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Ó gbé ayùn sílẹ̀. "Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí wa nígbà tó ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ wọn. Wọ́n ní kó sùn díẹ̀. Kò jí."

Ìbínú tó ti gbé wá sí ẹnu rọra wálẹ̀.

"Ṣé gbogbo ayé lẹ máa gé kúrú, Ọ̀gá Káfíńtà?" ló bi í, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Títì ńkọ́? Ìṣó Aránṣọ ńkọ́?"

Káfíńtà gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò ní orúnkún.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ bá mi gbé báàgì."

Ó gbé e. Wọ́n gba inú ilé kọjá. Káfíńtà tẹ orí ba lábẹ́ iná, ó yẹ̀ fún pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde, bí ẹni tó ti mọ ibi tí yóò ti fara gbá.

Létí títì, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ọkùnrin tó ti ń tẹ̀ba nínú ilé láti ọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í nàró. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dún kẹ́kẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Onídìrí rò pé ó ti nàró tán. Kò tíì tán. Ó gbójú sókè, ó tún gbójú sókè, kó tó rí ojú ọkọ rẹ̀.