Ọkọ̀ Tí Kì Í Dún ní Biétry

Obìnrin méjì péré ló wà nínú àwọn awakọ̀ wọ́rọ̀-wọ́rọ̀, takisí àjùmọ̀wọ̀, tó ń kó èrò ní Riviera, Hàbíbà sì ni àgbà wọn. Ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí, kò sì sí kòtò kan láàárín Cocody àti Marcory tí táyà rẹ̀ kò tíì kó sí rí. Ìbéèrè ni àwọn èrò fi ń mọ̀ ọ́n. Bí nọ́ọ̀sì bá wọkọ̀ rẹ̀, á bi í léèrè ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Bí apẹja bá wọ̀ ọ́, á fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja máa ń sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká dá a dúró. Ó ní òun fẹ́ gba ọkọ̀ náà fún odidi ọjọ́, kí wọ́n lọ máa yípo ní Biétry, lápá Marcory.

"Ká máa yípo?" ni Hàbíbà wí. "Kí ló sọnù síbẹ̀?"

"Kò sóhun tó sọnù, Tantie. Ọ̀nà la fẹ́ wọ̀n."

Ẹnu ya Hàbíbà pé Yorùbá ló fi dáhùn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní Célestin ni orúkọ òun, pé ingénieur, ẹnjiníà, ni òun, pé Kétu ni bàbá bàbá òun ti wá, àmọ́ òun ń gbọ́ èdè náà ju bí òun ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè rédíò. Ó ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti mì, ẹ̀rọ náà á kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Àwọn kan fẹ́ ṣe championnat níbí. Eré-ìje mọ́tò oníbátìrì, lójú títì gan-an. Ọjọ́ rẹ̀ ni ò tíì dájú."

Hàbíbà rọra tẹ bíréèkì. "Mọ́tò tí kò mu epo ló fẹ́ sáré ìje? Ṣé ó máa ń dún?"

"Díẹ̀. Bí ẹ̀fọn ńlá."

"Báwo làwọn tó ń wòran á ṣe mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

"Wọ́n á rí i."

"Bí bátìrì bá wá tán lágbedeméjì ńkọ́?"

Célestin rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà, Tantie. Ẹni tó bá tètè lo bátìrì tirẹ̀ tán, kò ní délé. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kóun rọra ló ń gba ipò kìíní."

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu Hàbíbà lọ́jọ́ náà. Ó mi orí. "Ààwẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi òwúrọ̀ pariwo, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ á tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí wọ́n yípo ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dé ibi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà lẹ́bàá ọ̀sà. Hàbíbà fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ibí yìí ò dáa."

"Ibi tó tẹ́jú jù lọ nìyí, Tantie. Ẹ wo ẹ̀rọ."

"Ó tẹ́jú lónìí. Tó bá di juin, lóṣù kẹfà, omi á máa yọ láti abẹ́ ọ̀dà. Mi ò sọ pé òjò ń ṣàn kọjá o. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń jáde."

Célestin wo máàpù rẹ̀. Kò rí omi kankan níbẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé nítorí àgbà ló ṣe kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Hàbíbà. Ọdún mélòó ló ti ń yà fún omi yẹn, kò sì bi ẹnikẹ́ni rí ohun tó ń tì í jáde! Ní ọjọ́ kejì, ó padà síbẹ̀, ó lọ bá Ignace, ọlọ́dẹ ilé tó wà ní kọ́nà náà, bàbá tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ignace mú un lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, ó fi ọ̀pá júwe. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gba ibẹ̀ wọ ọ̀sà tẹ́lẹ̀. Wọ́n da yanrìn dí i, wọ́n ta ọ̀dà lé e lórí.

"Ṣé o rò pé odò gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀?" ni Ignace bi í.

Hàbíbà pe Célestin lórí fóònù, ó rò fún un. Célestin sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Justine, obìnrin tó ń ṣe kòkáárí ètò náà. Justine ní ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀, kò sí àyè láti máa lé ìtàn ọlọ́dẹ kiri.

Oṣù kẹfà dé, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ti mọ́, Hàbíbà tún pe Célestin. "Wá fojú ara rẹ rí i."

Célestin dé, ó ká ṣòkòtò sókè. Òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ omi ń hó jáde láàárín títì bí ìkòkò tó fẹ́ sè. Ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ọ̀dà, irin náà sì wọlé títí ó fi kan ìka rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ eré-ìje kò fi bẹ́ẹ̀ ga kúrò nílẹ̀. Bí ó bá bá eré wọ ibẹ̀, ó di inú ọ̀sà.

"Tantie, ẹ má bínú," ló wí.

"Mi ò bínú. Ya fọ́tò rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti gbé ọ̀nà ìje náà gba òpópónà mìíràn. Justine fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Hàbíbà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe fún un.

"Ẹ jẹ́ kí n wa ọ̀kan," ni Hàbíbà wí.

Wọ́n ní ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀, nínú ọgbà gbalasa kan. Wọ́n dé akoto sí i lórí gèlè, Célestin jókòó tì í. Hàbíbà ń retí kí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ gbọ̀n jìgìjìgì, bí tirẹ̀ ti máa ń ṣe láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ni ẹ̀yìn rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ àga.

"Bísímílà!"

Ọkọ̀ náà ń fò lọ. Ó ń gbọ́ táyà lórí ilẹ̀, ó ń gbọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ń ta sí i nídìí, ó sì ń gbọ́ èémí ara rẹ̀, èyí tí kò gbọ́ rí nídìí ọkọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó yípo lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó dúró, omi lé ròrò sí i lójú, kò sì mọ ohun tó fà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Mùsílímátù, tó ń ta aṣọ lọ́jà Adjamé Roxy. Ìyá náà ń ká aṣọ nílẹ̀ láti palẹ̀ mọ́. Hàbíbà ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un: pé wọn ò tíì mú ọjọ́ eré náà, pé ó lè di ọdún tó ń bọ̀, pé wọ́n ti kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tí yóò máa yẹ ọ̀nà wò.

"Àlùhàmdùlílàhì. Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀ báyìí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó kù díẹ̀, Màmá. Bátìrì ibẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ tó bá kú."

Ìyá rẹ̀ dáwọ́ aṣọ kíká dúró. Ó ronú díẹ̀.

"Lóòótọ́," ló wí. "Níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

Hàbíbà ti ń wá nọ́ńbà Célestin nínú fóònù. Ìyá rẹ̀ fa àpótí sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ní kó jẹ́ kí òun náà gbọ́ ohun tí ọmọ Kétu yẹn máa sọ.