Ike Méjì Lọ́wọ́ Táyé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fi àga yẹn sílẹ̀, ẹní gbà wá. Ẹni tí ẹ̀fọn bá ń jẹ kó yáa pa á báyìí, torí bí mo bá ti gbé orin, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbá ara rẹ̀ létí.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ wa ní Súrùlérè ni, èyí tí igi àgbálùmọ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi Kẹ́hìndé àti Táyé, èkejì mi, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí a kì í lọ síbẹ̀. Dókítà ló ní ká máa rìn kí ẹsẹ̀ wa má bàa gan. Táyé ń fi ẹsẹ̀ rìn, èmi ń fi orin rìn.

Taoheed ló ń ṣọ́ géètì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó mọ èèyàn kí. Bó bá ti rí wa lókèèrè báyìí, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o!" Àmínát ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Múṣin. Iṣẹ́ géètì yìí ni wọ́n fi ń jẹun.

Àwọn olè kan ti fo ògiri wọ ọgbà náà rí, wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ. Ìyẹn ló mú kí Àǹtí Lydia, mánijà ọgbà, ọmọge kan tó ń gbé ní Yaba, ṣe òfin tuntun. Ẹni tó bá wọlé á gba ike róbótó kan tó ní nọ́ńbà. Bó bá ń jáde, á dá a padà, Taoheed á fi kọ́ ìṣó lára pátákó. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, á fọn fèrè. Bí gbogbo ìṣó bá ti ní ike, ọgbà ti ṣófo nìyẹn. Á ti géètì, á gbé kọ́kọ́rọ́ lọ fún Àǹtí Lydia ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní òdìkejì títì, á sì padà sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti tì í báyìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i àfi Àǹtí Lydia fúnra rẹ̀.

Ó wá fi ọ̀kan lé e: "Taoheed, ọjọ́ tí o bá ti èèyàn mọ́nú ọgbà yìí, ọjọ́ yẹn niṣẹ́ ẹ parí."

"Mo gbọ́, mà."

Òfin náà dára. Mo fẹ́ràn ike mi, òun ni mo fi ń lu àga bí mo bá ń kọrin.

Ó wá di ọjọ́ kan tí èmi àti Táyé se ẹ̀wà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀wà loúnjẹ ìbejì. Láti kékeré nìyá wa ti ń sè é fún àwọn ọmọ àdúgbò nítorí wa, a ò sì jẹ́ kó parẹ́. Ìkòkò ńlá ni a sè, epo ń dán lórí ẹ̀. A gbé e sílé Olúwajùwọ́n, ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà tí ilé rẹ̀ kángun sí géètì, pé bí a bá rìn tán, a ó pín in fáwọn tó bá ń jáde.

A rìn, a rìn. Táyé ní, "Kẹ́hìndé, jẹ́ n lọ máa bu ẹ̀wà."

Mo ní, "Máa lọ. Gba ike mi dání. Jẹ́ n simi díẹ̀ lábẹ́ igi, mò ń bọ̀."

Kò sóhun tuntun níbẹ̀. Èmi lẹ̀gbọ́n, òun làbúrò. Òun ni mo rán ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa. Látọjọ́ náà, òun ló ń kọ́kọ́ jáde níbikíbi tí a bá lọ, òun náà ló ń gbé ẹrù mi. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ike yìí kì í ṣe ẹrù.

Mo jókòó sẹ́yìn igi àgbálùmọ̀. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi, orin bá dé:

Oòrùn ń relé, ẹyẹ ń rètẹ́,
Ewé ń ṣẹ́jú, oorun ń kùn ún;
Èkejì mi ti ṣíwájú,
Bí mo gbẹ̀yìn, n óò délé.

Mo gbé e, mo tún un gbé, mo fi àtẹ́wọ́ sí i. Taoheed fọn fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún, ohùn ara mi ò jẹ́ kí n gbọ́. Àwọn èrò ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà nítorí ìtasánsán ẹ̀wà. Táyé na ike méjèèjì sí Taoheed láàárín èrò, ó gbà wọ́n, ó fi wọ́n kọ́. Ìṣó pé. Ó ti géètì, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, ó padà wá.

Nígbà tí èmi dé géètì, àgádágodo ni mo bá. Táyé wà níta, ó ń bu ẹ̀wà. Ó gbójú sókè, ó rí mi láàárín irin. Ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Yéè! Èkejì mi! Mo ti fi ọ́ sílẹ̀ sínú!"

"Kí ló wá di ẹkún? Ṣebí o ti fi mí sílẹ̀ nínú ìyá wa rí. N ò ha jáde?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Taoheed nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo pátákó, ó ń wò mí. "Ìṣó pé, ìyá," ló ń wí. "Ìṣó pé."

Olúwajùwọ́n sáré gbé àga méjì wá, ó ju ọ̀kan sínú ọgbà. "Màmá, ẹ gun èyí, a ó gbà yín lórí ògiri. Àǹtí Lydia ò ní mọ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n Taoheed, ẹ wojú ibòmíì."

Táyé ní, "Òótọ́ ló sọ! Kẹ́hìndé, ká ìró ẹ!"

Mo ti ń ká a. Bí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ bá bọ́ nítorí orin mi, ẹnu wo ni n óò tún fi kọ ọ́? Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àga nígbà tí Taoheed figbe ta.

"Rárá o! Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí n ríṣẹ́ ṣe, kí ẹ wá kán lẹ́sẹ̀? Ẹ jẹ́ n pè é."

Ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́. "Mà, Taoheed ni. Mo ti èèyàn mọ́nú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ẹ̀wà ń tutù. Àǹtí Lydia dé, ojú le koko.

"Taoheed, kí ni mo sọ?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ní iṣẹ́ mi á parí, mà."

"Ìṣó ò pé ni?"

"Ó pé, mà."

Mo ní, "Àǹtí, èmi ni kí ẹ bi. Táyé ló bá mi dá ike padà."

"Màmá, ẹ̀gbọ́n yín lẹ wá ń rán níṣẹ́?"

"Ta lẹ̀gbọ́n? Èmi lẹ̀gbọ́n! Ṣé wọn kì í bí ìbejì ní Yaba ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó gbé e mì. Ó wá rí àga. "Èyí ńkọ́?"

Olúwajùwọ́n ń họ orí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú Táyé. "Orí ògiri la fẹ́ gbé e gbà kí ẹ má bàa mọ̀. Taoheed ló kọ̀. Ó ní ó sàn kí iṣẹ́ òun lọ ju kí èkejì mi kán lẹ́sẹ̀."

Àǹtí Lydia wo àga, ó wo ògiri, ó wo Taoheed nílẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ká ní o gbé wọn kọjá tí o fi pa mọ́, ǹ bá lé ọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó lè pè mí sí àṣìṣe ara ẹ̀, òun ni mo fẹ́ lẹ́nu géètì yìí. Òfin mi ló kù díẹ̀ káàtó. Láti ọ̀la, wàá máa yí ọgbà ká kí o tó tì í."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n máa bá a yí i ká. Fèrè, èèyàn lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Orin mi ńkọ́?"

Táyé ní, "Ìyẹn? Ta ni ò ní sá jáde?"

Àǹtí Lydia rẹ́rìn-ín títí kọ́kọ́rọ́ fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó ṣí géètì. Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, èmi àti Taoheed á rìn yí ọgbà ká, n óò gbé e, àwọn tó ń jáde á gbè é:

Ta ló kù o? Kò ku ẹnì kan.
Lábẹ́ igi ńkọ́? Kò ku ẹnì kan.
Ta ló wá kù o? Ó ku Kẹ́hìndé!

Èmi fúnra mi ni n óò fọwọ́ ara mi kọ́ ike mi gbẹ̀yìn, Taoheed á wá tì í.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí ṣá, a gbé ẹ̀wà padà sórí iná nílé Olúwajùwọ́n. Àǹtí Lydia jẹ, ó ní kí a tún bu sí i. Taoheed jẹ tiẹ̀ tán, Táyé di ti Àmínát fún un sínú abọ́ onídèérí, epo ń yọ létí ẹ̀. A ha ìkòkò títí ó fi ń dún. Oníkálùkù gbọ̀nà ilé pẹ̀lú ikùn rẹ̀ níwájú. Táyé ló kọ́kọ́ wọlé. Mo tẹ̀lé e, mo ń kọrin.